Bí Mo Ṣe Kan Pẹpẹ Tó Pín Yàrá Mi sí Méjì

Ẹ̀gbẹ́ ibùsùn mi ni tábìlì iṣẹ́ mi wà. Bí mo bá dùbúlẹ̀, iṣẹ́ ń wò mí. Bí mo bá ń ṣiṣẹ́, ibùsùn ń pè mí. Mo ti fi aṣọ dá àárín wọn rí, ṣùgbọ́n a kì í to ìwé sórí aṣọ. Ògiri ńkọ́? Ayálégbé ni mí. Ló bá ku pẹpẹ: èyí tó máa dá dúró, tí mo lè ti iwájú àti ẹ̀yìn mú nǹkan níbẹ̀.

Mo yà á sórí ìwé kí n tó fọwọ́ kan ayùn: gíga rẹ̀ 180 sẹ̀ǹtímítà, fífẹ̀ 120, jíjìn 30. Plywood tó nípọn ní mìlímítà 18 ni mo lò. Bí pẹpẹ irú rẹ̀ bá gùn jù láìsí ohun tó gbé àárín rẹ̀, ìwé á tẹ̀ ẹ́ kọrọdọ, ni mo ṣe fi òpó kan sí àárín. Pẹ̀lú ti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, òpó mẹ́ta nìyẹn, ọ̀kọ̀ọ̀kan gba sẹ̀ǹtímítà 1.8. Mo yọ 5.4 kúrò nínú 120, mo pín ìyókù sí méjì, pẹpẹ inú kọ̀ọ̀kan di 57.3. Ayùn náà ń jẹ tirẹ̀ o, bíi mìlímítà 3 níbi gbogbo tó bá gbà kọjá. Èmi ò kà á mọ́ ọn nígbà àkọ́kọ́, pákó kan sì kúrú. Bàtà ló ń jókòó lé e báyìí.

Òpó àárín ló fún mi ní wàhálà. Bí mo bá ti yí síkúrù gba inú rẹ̀ mú pẹpẹ òsì, pẹpẹ ọ̀tún tó bá wà ní ọ̀gangan kan náà á ti dínà mọ́ ọn. Mo bá gbé ti ọ̀tún sókè díẹ̀ ju ti òsì lọ. Àwọn tó rí i rò pé oge ni mo fi ṣe. Mi ò bá wọn jiyàn.

Mo kọ́kọ́ lu ihò tín-ín-rín fún síkúrù kọ̀ọ̀kan, torí etí plywood tètè máa ń là, mo sì fi gọ́ọ̀mù igi pa gbogbo oríkèé. Orí ilẹ̀ ni mo ti tò ó pọ̀. Kí gọ́ọ̀mù tó gbẹ, mo na téèpù láti igun kan dé igun tó dojú kọ ọ́, mo tún na án fún igun méjì yòókù. Mìlímítà 7 ni wọ́n fi yàtọ̀, ìyẹn ni pé ó wọ́. Mo ti apá tó gùn sínú títí wọ́n fi dọ́gba.

Lọ́jọ́ kejì, mo gbé e nàró. Mo fọwọ́ kàn án báyìí, ó ń fì sósì, ó ń fì sọ́tùn-ún bí ọ̀mùtí! Mo tún síkúrù fún títí apá fi ń ro mí. Àṣedànù. Ìgbà tó yá ló yé mi pé pákó ẹ̀yìn ni kì í jẹ́ kí pẹpẹ tó fara ti ògiri yẹ̀, tèmi ò sì lẹ́yìn. Mo gé plywood tó nípọn ní mìlímítà 6, mo fi dí ojú àpótí (ìyẹn àlàfo tó wà láàárín pẹpẹ kan sí èkejì) márùn-ún nínú mẹ́wàá: bí ti òsì bá dí, ti ọ̀tún ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á ṣí sílẹ̀. Gọ́ọ̀mù àti ìṣó kéékèèké ni mo fi dè wọ́n mọ́ etí yíká. Ijó bá tán.

Ó ku kó má dojú dé, torí ó ga, kò sì jìn. Mo to ìwé wúwo sí ìsàlẹ̀, mo sì fi irin onígun kékeré de etí rẹ̀ kan mọ́ ògiri. Ihò méjì péré ni. Onílé á foríjì mí.

Àpótí tó kọjú sí ìrọ̀rí mi, mi ò dí i. Iná tábìlì ń gba ibẹ̀ tàn sí mi lálẹ́, mo fi ń kàwé. Bí oorun bá dé, ìwé mẹ́ta ni mo fi ń dí i.