Ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá tí mo fi bá èkúté fà á nínú ọgbà mi

Ẹ̀rọ tó ń lé èkúté ni mo kọ́kọ́ rà, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí ẹlòmíì tó lọ da owó tiẹ̀ náà nù. Ike ṣóńṣó kan ni, wọ́n ní kéèyàn ṣáà gún un mọ́lẹ̀ láàárín ọgbà, pé á máa ké igbe kan tí etí èèyàn ò ní gbọ́ àmọ́ tí eku ò ní lè fara dà, kó tó di ọ̀sẹ̀ méjì gbogbo wọn á ti kó ẹrù wọn. Ẹni tó tà á fún mi fi mí lọ́kàn balẹ̀ dáadáa, ó ní òun náà ń lò ó nílé òun. Mo ra méjì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi dúró kí iṣẹ́ ẹ̀ hàn. Lálẹ́ ọjọ́ kan mo yọ jáde pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, mo sì bá èkúté kan tó sanra rọ̀bọ̀tọ̀ nídìí ẹ̀rọ yẹn gan-an, ó fi ọwọ́ méjèèjì di tòmátì mi mú bí ẹni ń mu ọsàn, ó ń jẹ ẹ́ láti ẹ̀gbẹ́ kan. Iná tọ́ọ̀ṣì bá a lójú, kò tiẹ̀ kọ́kọ́ sá.

Inú bí mi débi pé mi ò lè sùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ìgbà yẹn ni mo wá jókòó ti ọ̀rọ̀ náà, mo kà nípa ẹ̀ dáadáa. Òótọ́ ni pé eku ń gbọ́ ohùn tó ga ju èyí tí etí tiwa lè gbọ́ lọ, àmọ́ irú ohùn bẹ́ẹ̀ kì í rìn jìnnà, ògiri àti ewé tó bá ki á dá a dúró, kódà tó bá dé etí wọn, láàárín ọjọ́ díẹ̀ ó ti mọ́ wọn lára, bí ariwo mọ́tò ṣe ń mọ́ ẹni tí ilé ẹ̀ wà létí títì lára. Ohun tó wá dùn mí jù ni pé nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta náà ni abo eku fi ń gbé oyún, tó bá sì bí, ó lè bí mẹ́fà, ó lè bí méjìlá. Gbogbo àsìkò tí mo fi ń dúró de ẹ̀rọ, àwọn ń bí sí i.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo pe ọkùnrin kan tó fi pípa èkúté ṣe iṣẹ́ ṣe. Kò lò tó ìṣẹ́jú ogún, ó fi májèlé sínú àpótí ike kéékèèké káàkiri, ó gbowó, ó lọ. Mi ò sọ pé májèlé ò pa eku o. Ohun tí kò sọ fún mi ni mò ń bá a jà sí. Oògùn yẹn kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, kì í pa á lójú ẹsẹ̀, ó lè tó ọjọ́ mẹ́ta, ó lè ju ọ̀sẹ̀ kan lọ kí eku tó kú, ibi tó bá sì wù ú ló máa lọ kú sí. Ọ̀kan lọ kú sábẹ́ ilẹ̀ ilé tá à ń kó irinṣẹ́ sí, ọwọ́ ò dé ibẹ̀, ọ̀sẹ̀ méjì la fi ń gbọ́ òórùn ẹ̀. Àti pé ológbò aládùúgbò wa máa ń wá ṣọdẹ nínú ọgbà wa, ẹranko tó bá sì jẹ eku tó ti jẹ májèlé ń jẹ májèlé náà nìyẹn, ì báà jẹ́ ológbò, ì báà jẹ́ ajá tàbí òwìwí. Nígbà tí ìyẹn yé mi, mo ní kó wá kó gbogbo ẹ̀. Ká ló sọ fún mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ni, mi ò bá má gbà á láyè rárá. Kò dá kọ́bọ̀ padà nínú owó.

Ó wá ku èmi àti tàkúté.

Bí wọ́n ṣe ń dẹ tàkúté, mi ò ní sọ ìyẹn, gbogbo èèyàn ló mọ̀ ọ́n, ó sì wà lára páálí ẹ̀. Mo ra mẹ́fà, irú èyí tí irin ẹ̀ máa ń gbá, tó tóbi tó eku, torí èyí tí wọ́n ṣe fún eku kéékèèké inú ilé ò lè pa àwọn tèmi. Mo fi ẹ̀pà lílọ̀ sí i. Òru àkọ́kọ́, kò mú nǹkan kan. Mo gbé e lọ sí ìdí àgbàdo. Òru kejì, kò mú nǹkan kan. Mo gbé e lọ sí ẹ̀gbẹ́ òkìtì ajílẹ̀. Òru kẹta, mo yí oúnjẹ orí ẹ̀ padà. Òru kẹrin, mo fọ gbogbo wọn torí wọ́n ní eku ń gbọ́ òórùn ọwọ́ èèyàn. Àràárọ̀ ni mò ń dìde kí n tó bójú, màá lọ wò ó, màá bá ẹ̀pà níbẹ̀ bí mo ṣe fi í sílẹ̀, tí eèrà ti bò ó, àmọ́ tòmátì mi á ti dínkù. Ẹbìtì tí ò peku, ṣebí kó fẹyìn fún ẹlẹ́yìn, èyí ò pa eku, kò sì dá ẹ̀pà mi padà.

Lọ́jọ́ kẹfà mo ku eérú fẹ́ẹ́rẹ́ yí àwọn tàkúté náà ká. Nígbà tílẹ̀ mọ́, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ mo wò ó. Ẹsẹ̀ wọn wà níbẹ̀ kedere, ìka mẹ́rin mẹ́rin ní ti iwájú, márùn-ún márùn-ún ní ti ẹ̀yìn, ìlà tín-ín-rín tí ìrù wọ́ wà láàárín. Wọ́n rìn dé ibi tí kò ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ mi kan lọ sí tàkúté, wọ́n dúró, wọ́n yí po, wọ́n padà. Kì í ṣe pé wọn ò rí i o! Wọ́n rí i, wọ́n gbóòórùn ẹ̀pà, wọ́n kàn lọ ni. Mo dúró níbẹ̀ pẹ̀lú ìbínú, mo tún gbé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lọ síbòmíì.

Òru mọ́kànlá ni mo ṣe báyìí. Ìyàwó mi ti ní kí n jẹ́ ká gé gbogbo nǹkan inú ọgbà náà, ká da sìmẹ́ńtì sí i, mo sì ti fẹ́ gbà.

Bàbá tó ń gbé lójúlé kejì ló kó mi yọ. Bàbá yìí ti fi ọ̀pọ̀ ọdún dáko, wọ́n wá yọjú lórí fẹ́ńsì láàárọ̀ ọjọ́ kan tí mo tún ń kó tàkúté kiri. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ṣé bó o ṣe ń gbé e káàkiri láti ọjọ́ yìí nìyẹn?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni sà, pé mò ń wá ibi tí wọ́n ti máa kó sí i. Wọ́n ní, "Ohun tí eku ò bá níbẹ̀ lánàá, kì í fẹnu kàn án lónìí. Fi í síbì kan. Má dẹ ẹ́. Ṣáà máa fi oúnjẹ sí i lórí." Mo ní, "Bàbá, ṣé kí n wá máa bọ́ wọn ni?" Wọ́n ní, "Bọ́ wọn. Títí wọ́n á fi rò pé tiwọn ni."

Mi ò kọ́kọ́ fẹ́ gbà, àmọ́ mo padà kà á, ọ̀rọ̀ Bàbá ló jẹ́. Èkúté aláwọ̀ ilẹ̀, èyí tó ń gbẹ́ ihò, ń bẹ̀rù ohun tuntun gan-an, ó lè yẹra fún un fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ kódà tó bá jẹ́ oúnjẹ ló wà lórí ẹ̀. Lójoojúmọ́ tí mo bá gbé tàkúté kúrò, ó tún di ohun tuntun lójú wọn nìyẹn, mo tún bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Òru mọ́kànlá! Ìyẹn ṣì ń dùn mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Mo wá tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, torí eku kì í fẹ́ gba àárín gbangba, ó fẹ́ràn kí ara ẹ̀ máa kan nǹkan bó ṣe ń lọ. Tẹ́ ẹ bá wo ìsàlẹ̀ ògiri mi nígbà yẹn, ẹ máa rí ìdọ̀tí dúdú kan tó ń dán bí ọ̀rá, ara wọn tó ń ha á ló fà á, ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ sì ti di ọ̀nà tóóró tó mọ́ tónítóní. Mo kọ orí tàkúté, níbi tí oúnjẹ wà, sí ògiri. Mo fi pákó bo ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo ṣí ẹnu méjèèjì sílẹ̀, kí ẹyẹ àti ológbò má bàa kó sí i. Mi ò dẹ ẹ́. Òru méjì, wọn ò fọwọ́ kàn án. Òru kẹta, wọ́n lá ẹ̀pà orí méjì. Nígbà tó fi máa di òru karùn-ún, mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ti mọ́ bí abọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Ní òru kẹfà mo dẹ wọ́n. Nǹkan bí aago mẹ́sàn-án alẹ́ ni mo gbọ́ àkọ́kọ́, gbàà! Orí mi wú. Mẹ́ta lóru ọjọ́ yẹn, mẹ́jọ láàárín òru mẹ́sàn-án. Méjì nínú tàkúté náà ni wọ́n ń lá ẹ̀pà orí ẹ̀ láìjẹ́ kó gbá, mo wá fi òwú so odidi ẹ̀pà kan mọ́ irin ẹ̀ pinpin kó lè di dandan fún wọn láti fà á, ìyẹn ló ṣẹ́gun àwọn ọlọgbọ́n inú wọn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọ ìbọ̀wọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó wọn. Inú ìtọ̀ eku ni àrùn leptospirosis ti máa ń wá, ó sì ń gba ojú ọgbẹ́ wọlé.

Àmọ́ ká ní pípa nìkan ni mo mọ̀ ni, òmíì á ti rọ́pò wọn. Òkìtì ajílẹ̀ mi ni olórí ìṣòro, tí mi ò sì fura sí i torí mo fẹ́ràn ẹ̀. Oúnjẹ sísè tó bá ṣẹ́ kù là ń dà sí i, ó gbẹ, ó móoru, ẹnì kan ò dà á rú. Mo wá ihò káàkiri, mo rí mẹ́rin, mo fi ewé gbígbẹ dí gbogbo wọn pẹ́ẹ́pẹ́ẹ́. Lọ́jọ́ kejì wọ́n ti ti ewé ẹnu ihò mẹ́ta jáde, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe mọ èyí tí wọ́n ń gbé. Nígbà tí mo fi ṣọ́bìrì tú òkìtì náà, mo bá ìtẹ́ wọn nísàlẹ̀, wọ́n ti fa àpò mi ya wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bí òwú, wọ́n tẹ́ ẹ roboto, páálí irúgbìn mi wà nínú ẹ̀ pẹ̀lú.

Mo tún ajílẹ̀ náà ṣe sínú àpótí tí mo fi wáyà nẹ́ẹ̀tì yí ká, tó fi dé ìsàlẹ̀. Kì í ṣe wáyà adìyẹ o, ihò ìyẹn ti fẹ̀ jù, èkúté lè gba ihò tí kò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà méjì lọ wọlé. Wáyà líle ni, tí ihò ẹ̀ ò ju mìlímítà 12 lọ. Mo ri ti ẹ̀gbẹ́ fẹ́ńsì wọlẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 30, mo tẹ ìsàlẹ̀ ẹ̀ síta, kí ẹni tó bá ń gbẹ́ ilẹ̀ bọ̀ lè pàdé ẹ̀. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọbẹ̀. Ewé àti èèpo ẹ̀fọ́ nìkan la wá ń dà síbẹ̀, mo sì ń yí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Ká ní mo tún fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lónìí ni, òkìtì ajílẹ̀ yẹn ni màá kọ́kọ́ tú, tàkúté á ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri láìdẹ ẹ́ lọ́jọ́ kan náà, mi ò sì ní fún ẹnikẹ́ni lówó. Ẹni tó ta ẹ̀rọ fún mi ò gbé ìpè mi mọ́.

Mo fi ewé tuntun dí ihò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ́yìn tí mo parí. Àná ni mo tún lọ wò wọ́n, ewé ṣì wà níbẹ̀, aláǹtakùn sì ti tawùú bo ojú èyí tó tóbi jù nínú wọn.