Bí a ṣe ń gba ọmọ kajú lọ́wọ́ iyọ̀ inú ọ̀rá

Láti Kàbà títí dé Ìsánlú ní ìpínlẹ̀ Kogí, òkun jìnnà sí wa. Iyọ̀ tó ń pa ọmọ kajú nínú ọ̀rá dúdú, ìyẹn àpò náílọ́ọ̀nù tí a fi ń tọ́ ọmọ igi, ọwọ́ wa ló kó o síbẹ̀: imí adìẹ tútù, eérú, fatiláísà àlàpọ̀jù, omi kànga ẹ̀rọ tó ń lẹ̀ funfun mọ́ ìdí ìkòkò. Tí ọyẹ́ bá dé, omi á gbẹ lọ, iyọ̀ á ṣẹ́kù.

Ẹ wo ewé ìsàlẹ̀. Tí etí rẹ̀ bá gbẹ bí ohun tí iná rà, tí ewé orí ṣì tutù, ẹ fura. Àwọn igi kan a máa kó iyọ̀ sínú ewé àgbà kí ọ̀mùnú lè yè. Ẹ ti ìka bọ ilẹ̀ rẹ̀: bí ó bá tutù tí igi sì ń rọ, ó lè jẹ́ pé iyọ̀ ló di omi mú tí gbòǹgbò kò fi rí i fà. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń rò pé ebi ló ń pa á, wọ́n á tún bu fatiláísà sí i. Ó parí nìyẹn.

Ẹ fi ṣíbí ha ẹ̀fun funfun tó wà lójú ilẹ̀ dànù. Ẹ fi ìṣó lu ihò mẹ́jọ sí mẹ́wàá sí ìdí ọ̀rá, kí ẹ gbé e sórí òkúta wẹ́wẹ́, kó má baà fa omi iyọ̀ padà.

Ọ̀rá tó gba ilẹ̀ lítà 2, lítà 4 omi òjò tàbí omi odò ni kí ẹ bù sí i, ìdajì lítà lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ dúró kó ṣàn tán kí ẹ tó bu òmíràn. Ẹni tó bá dà á lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ̀gbẹ́ ọ̀rá lomi máa gbà, iyọ̀ àárín kò ní mira. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ẹ tún un ṣe.

Ẹ fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣíji bò ó fún ọ̀sẹ̀ méjì. Kò sí fatiláísà títí ewé tuntun mẹ́rin á fi yọ. Lẹ́yìn náà, ṣíbí tíì kan fatiláísà NPK 15-15-15 nínú lítà 4 omi, ife kékeré kan fún igi kọ̀ọ̀kan.

Fún ọ̀rá tuntun, ẹ po ìwọ̀n mẹ́ta ilẹ̀ òkè, ìwọ̀n kan yanrìn odò, àti ìwọ̀n kan imí adìẹ tó ti jẹrà fún oṣù mẹ́ta. Kí ẹ tó gbin kajú, ẹ gbin àgbàdo mẹ́wàá sínú rẹ̀. Bí márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú wọn kò bá hù láàárín ọjọ́ mẹ́jọ, tàbí tí orí ewé wọn bá ń jó, ẹ fi omi fọ ilẹ̀ náà kí ẹ tó lò ó.