Fúláwà, Ọ̀dà àti Ọwọ́ Ọmọdé

Kí ẹ tó ṣí ọ̀dà kankan, ẹ wá aṣọ tí kò ní dùn yín bó bá bàjẹ́. Ẹ wọ̀ ọ́ fún ọmọ, kí ẹ̀yin náà wọ tiyín. Àgbà tó bá ń ṣọ́ aṣọ rẹ̀ kò ní jẹ́ kí ọmọ ṣeré, “rọra!” ni yóò máa wà lẹ́nu rẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Àwọn ọmọ ọdún 3 sí 5 ni mò ń kọ́, ohun tí mo sì máa ń bẹ àwọn òbí wọn fún kò ju ọ̀kan lọ: ẹ má gbé èyí tí ẹ ti ṣe tán síwájú ọmọ pé kó ṣe irú rẹ̀. Á wo tiyín, á wo tirẹ̀, á ní, “Ẹ bá mi ṣe é.” Iṣẹ́ ti bọ́ sí yín lọ́wọ́ nìyẹn. Ohun èlò ni kí ẹ gbé fún un, kó fi ṣe ohun tó bá wù ú.

Fúláwà ni mo fi máa ń bẹ̀rẹ̀. Ife 2 fúláwà, ife 1 iyọ̀, omi bí ife 1. Ẹ jẹ́ kí ọmọ fọwọ́ ro fúláwà àti iyọ̀ pọ̀ ní gbígbẹ ná, kó mọ bí iyọ̀ ṣe ń ha ọwọ́, kó mọ bí fúláwà ṣe kúnná tó. Ẹ wá máa bu omi sí i díẹ̀díẹ̀. Á kọ́kọ́ lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́ pátápátá, ibẹ̀ ni ọmọ mìíràn ti máa ń fẹ́ sunkún. Ẹ wọ́n fúláwà díẹ̀ sí i, ẹ ní kó máa pò ó lọ. Láìpẹ́ á bọ́ kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ fúnra rẹ̀. Kó rọ̀ bí ìsàlẹ̀ etí ni à ń wá. Ẹ ní kó fọwọ́ kan etí rẹ̀ kó wò ó bóyá ó ti tó. Àwọn ọmọ fẹ́ràn ìdánwò yìí ju nǹkan lọ.

Ẹ má kọ́ ọ ní ohun tí yóò fi mọ. Ìka tó ń fún, tó ń yí, tó ń já nǹkan sí wẹ́wẹ́ ń lágbára bọ̀ wá di pẹ́ńsù mú. Ọmọ kan tí kò tíì pé ọdún 4 lọ́dọ̀ mi yí ejò gígùn kan, ó já a sí mẹ́rin, ó ní èyí tó gùn jù ni bàbá. Ó wá so gbogbo rẹ̀ pọ̀ padà, ó ní, “Bàbá ti gbé gbogbo wọn mì.” Ẹ wo ìṣirò níbẹ̀! Èmi ò sì la ẹnu sọ̀rọ̀ rárá.

Iyọ̀ inú rẹ̀ pọ̀ o. Kí ọmọ má gbé e mì, bí ajá bá sì wà nílé, ẹ gbé e síbi tí ajá ò ní dé, torí iyọ̀ tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lè pa á. Èyí tó ṣẹ́kù, ẹ fi sínú ike tó ní ìdérí tó dè dáadáa.

Ní ti ọ̀dà, pupa, òféèfé (yẹ́lò) àti búlúù ti tó, kí wọ́n sáà jẹ́ irú tí a kọ sára rẹ̀ pé kò ní májèlé. Méjì péré ni kí ẹ gbé sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ jẹ́ kí òféèfé ló pọ̀ jù, kí ọmọ fi orí ìka kan búlúù díẹ̀ sí i, torí búlúù máa ń tètè bo òféèfé mọ́lẹ̀. Kó tó rò ó, ẹ bi í pé, “Kí lo rò pé ó máa dà?” Kó fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, kó sì rí i pẹ̀lú ojú ara rẹ̀ bó ṣe ń di àwọ̀ ewé. Ẹ̀yin ò gbọdọ̀ sọ ọ́ ṣáájú rẹ̀. Bí ẹ bá wá mú pupa wá lẹ́yìn náà, á po gbogbo rẹ̀ pọ̀ di àwọ̀ ẹrẹ̀, inú rẹ̀ á sì dùn gan-an. Ẹ jẹ́ kó pò ó. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ń da ju ṣíbí kan lọ sílẹ̀.

Kréyọ̀n ńkọ́? Ẹ kán an. Èyí tó gùn, ọmọ á fi gbogbo àtẹ́lẹwọ́ gbá a mú; èyí tó kúrú, orí ìka ló máa fi mú un láìjẹ́ pé ẹnì kan sọ fún un. Àmọ́ ọmọ tó ṣì ń kó nǹkan sẹ́nu, ẹ jẹ́ kó máa lo èyí tó tóbi.

Fún àlùmọ́gàjí tí ẹnu rẹ̀ kò mú ṣóńṣó, ẹ gé bébà sí tẹ́ẹ́rẹ́ tí kò fẹ̀ ju ìka kan lọ, kí gígé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo já a. Àwọn ègé rẹ̀ á di ohun tí yóò fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́ páálí. Ọmọ tí kò tíì lè lo àlùmọ́gàjí, kó máa fọwọ́ ya bébà.

Bó bá gbé àwòrán wá, ẹ má bèèrè pé “Kí nìyí?” Ẹ ní, “Sọ nípa rẹ̀ fún mi.” Ọ̀pọ̀ ọmọ ọdún 3 tàbí 4 máa ń ya èèyàn bí orí tí ẹsẹ̀ ti ara rẹ̀ jáde, kò sí ikùn, kò sí àyà. Ẹ má tún un ṣe. Iṣẹ́ ọwọ́ báyìí kì í ṣe ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀: Friedrich Fröbel, ará Jámánì tó dá jẹ́lé-ó-sinmi sílẹ̀ ní 1837, fi amọ̀ mímọ, bébà kíká àti bébà híhun sínú iṣẹ́ àwọn ọmọ.

Ó ku ọmọ tí kò fẹ́ kí nǹkan kan òun lọ́wọ́. Ẹ má fi ipá tì í. Ẹ da ọ̀dà oríṣi méjì sínú ọ̀rá tó nípọn, ẹ tẹ afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, ẹ fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ tábìlì kó máa fi ìka tẹ̀ ẹ́. Ẹ jókòó tì í, ẹ sì lẹ ẹnu ọ̀rá náà lẹ́ẹ̀mejì, torí eyín ọmọdé kò mọ̀ pé ọ̀dà ló wà nínú rẹ̀.