Tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ wá dirí lọ́fẹ̀ẹ́: ẹ ka ọwọ́ kẹ́ ẹ tó ka orí

Ẹ̀yin onídìrí ẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe mékọ́ọ̀pù, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wé gèlè, ọ̀rọ̀ yìí kàn wá o. Tí ṣọ́ọ̀bù yín bá ti pé ọdún kan ládùúgbò, ẹnì kan á pè yín láìpẹ́ pé "Àǹtí, a fẹ́ ṣe nǹkan fún àwọn ọmọ aláìlóbìí, ẹ bá wa dirí fún wọn, Ọlọ́run á san án fún yín." Ó dáa, èmi náà máa ń lọ. Àmọ́ ìgbà àkọ́kọ́ tí mo lọ, ọmọ 20 ni wọ́n sọ fún mi, mo débẹ̀ mo bá ọmọ tó lé ní 60 lórí bẹ́ǹṣì, gbogbo wọn ti tú irun sílẹ̀, èmi àti ọmọṣẹ́ méjì péré la lọ, àga ò tó, iná ò sí, aago 9 alẹ́ la kúrò níbẹ̀, a ò sì kan ọ̀pọ̀ orí rárá, àwọn ọmọ yẹn kàn ń wò wá bá a ṣe ń palẹ̀ mọ́. Ìtìjú ọjọ́ yẹn pọ̀ ju ká ní mi ò lọ rárá lọ.

Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó dáhùn pé ẹ ń bọ̀, ẹ kọ́kọ́ ka ọwọ́. Ká sọ pé ọwọ́ mẹ́rin lẹ ní, tí dídì lásán lórí ọmọdé sì ń gba nǹkan bí 40 ìṣẹ́jú. Láti aago 10 sí aago 3, tẹ́ ẹ bá yọ ààbọ̀ wákàtí fún oúnjẹ, èèyàn kan á di orí 6, ẹ̀yin mẹ́rin á di 24. Ẹ sọ fún wọn pé 20. Mẹ́rin tó kù, ti ọmọ tó ń sunkún ni, àti èyí tí irun ẹ̀ ti ta kókó, àti ọmọ ọ̀gá ilé náà tí wọ́n á kàn fà wá lójijì (wọ́n á fà á wá, ẹ gbà mí gbọ́). Lẹ́yìn náà ẹ kọ ọ́ sórí WhatsApp kedere: irun 20, kò sí atáṣímẹ́ǹtì, aago 10 sí 3, ẹ̀yin lẹ máa fọ irun wọn sílẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ẹ̀yin lẹ máa pèsè àga àti omi. Àwọn kan á ní ẹ ń ṣe bí oníṣòwò. Oníṣòwò kúkú ni yín.

Ẹ ṣírò owó ẹ̀ náà bíi pé kọ́sítọ́mà ló fẹ́ san án. Òwú, ìpara, owó ọkọ̀, oúnjẹ àwọn ọmọṣẹ́, àti owó tí ẹ ò ní rí pa ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ yẹn. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ń gba Sátidé, ọjọ́ òwàǹbẹ̀ ni, ọjọ́ yẹn là ń jẹun. Mo máa ń sọ pé Túsìdeè tàbí Wẹ́sìdeè nínú họ́lídè, torí ọmọ wà nílé, ṣọ́ọ̀bù sì fúyẹ́. 27 May tó jẹ́ Children's Day, gbogbo ayé ló ń rọ́ lọ sílé àwọn ọmọ aláìlóbìí pẹ̀lú ìrẹsì àti kámẹ́rà. Ọ̀sẹ̀ tí iléèwé fẹ́ wọlé nínú oṣù September, ẹ ò ní bá ẹnikẹ́ni níbẹ̀, ìgbà yẹn gan-an sì ni orí ọmọbìnrin ń wá onídìrí.

Ohun kan rèé tí ẹni tí kì í ṣe onídìrí ò ní rántí: ẹ béèrè irun tí iléèwé wọn ń dì lọ́sẹ̀ yẹn. Ilé kan lè ní ọmọ níléèwé mẹ́ta, ọ̀kan ní ṣùkú, ọ̀kan ní ìpàkó ẹlẹ́dẹ̀, ọ̀kan ní kòlẹ́sẹ̀. Ẹ di pàtẹ́wọ́ tó rẹwà fún ọmọ tán, kí tíṣà wá tú u fún un lọ́jọ́ Mọ́ńdè, kí lẹ ṣe? Ọ̀pọ̀ iléèwé ìjọba ò sì gba atáṣímẹ́ǹtì, ó dín ìnáwó kù fún yín.

Ẹ wádìí àwọn tó ń pè yín náà. Àjọ gidi máa ń wà lákọsílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC (iléeṣẹ́ ìjọba tó ń forúkọ iléeṣẹ́ àti àjọ sílẹ̀), ẹ lè wá orúkọ wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ tún pe ilé náà fúnra yín, torí àwọn kan wà tó jẹ́ pé ilé ọmọ yẹn ò tiẹ̀ gbọ́ sí i.

Lórí irinṣẹ́, ibí yìí ni mo ti máa ń le. Ẹ má kó àpìrẹ́ǹtíìsì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ lọ láti lọ fi orí ọmọ aláìlóbìí dánra wò. Ẹ kó kóòmù tó pọ̀ lọ, kí ẹ má fi kóòmù orí kan ya orí kejì. Bílíìṣì ife 1 sí omi ife 9, ẹ rẹ kóòmù sínú ẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10, ẹ ṣàn án kó gbẹ. Abẹ, orí kan abẹ kan, torí kòkòrò àrùn hepatitis B lè wà láàyè lára nǹkan fún ọjọ́ 7. Tẹ́ ẹ bá rí làpálàpá lórí ọmọ, ẹ má pariwo, ẹ má sì dì í. Ẹ rọra pe ìyá tó ń tọ́jú wọn, ẹ ní kó gbé e lọ sí ọsibítù, torí èyí tó wà lórí máa ń wọ ìdí irun lọ, ìpara nìkan ò ràn án, oògùn mímu ni dókítà máa ń fún wọn. Ẹ wá ọ̀nà fún ọmọ yẹn kó má baà dá jókòó, ẹ kun èékánná ẹ̀.

Tó bá jẹ́ ètò jẹjẹrẹ ọmú inú oṣù October ni, iṣẹ́ ọ̀tọ̀ ni. Àwọn tó ń gba kímò, ìyẹn oògùn jẹjẹrẹ, irun sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í re lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 2 sí 4, awọ orí á máa dùn wọ́n. Kò sí riláásà, kò sí irun líle. Síkáàfù tó rọ̀, gèlè fúyẹ́fúyẹ́, àti irun òkè ojú tí ẹ máa yà padà. Bíróòṣì ẹnì kan kò gbọ́dọ̀ kan ojú ẹlòmíì, torí oògùn yẹn máa ń jẹ́ kí àìsàn tètè ràn wọ́n. Màmá kan wo dígí títí lẹ́yìn tí mo yà á tán, ó ní "gbé tòsì sókè díẹ̀, bó ṣe wà nìyẹn."

Bàsáà ṣọ́ọ̀ṣì tó bá ní kẹ́ ẹ fi iṣẹ́ tọrẹ, káàdì tí ẹni tó bá rà á máa mú wá ṣe irun ni kẹ́ ẹ fún wọn. Ẹ kọ nọ́ńbà sí i, ẹ tẹ sítáǹpù, ẹ kọ irú iṣẹ́ àti ọjọ́ tó máa kásẹ̀ nílẹ̀, àti pé a kì í gba owó dípò ẹ̀. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹnì kan á gbé e wá lọ́jọ́ ọdún Iléyá.

Fọ́tò ńkọ́? Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti 2003 fún ọmọ ní ẹ̀tọ́ sí àṣírí ara ẹ̀. Ẹ ya ìpàkó, irun ṣáà ló wà níbẹ̀. Ìpàkó ń polówó iṣẹ́ yín ju ojú lọ.

Kẹ́ ẹ tó kúrò, ẹ béèrè ta ló máa tú u. Irun ọmọ tó bá ti pé ọ̀sẹ̀ 2 gbọ́dọ̀ wálẹ̀, ẹni kan ṣoṣo tó ń tọ́jú ọmọ 30 ò ráyè. Èmi máa ń fi kóòmù méjì àti agolo ìpara kan sílẹ̀, màá wá pe ọmọ tó dàgbà jù nínú wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́, màá kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń tú u láti ìsàlẹ̀ lọ sókè.