Ìtọ̀ Ń Ta, Kápúsù Ò Ràn Án Mọ́

Ìtọ̀ ń ta yín bí ata, ẹ ń lọ tọ̀ ṣáá, tó-tó-tó ló ń kán, ìsàlẹ̀ ikùn sì ń ro yín. Kẹ́míìsì ni ọ̀pọ̀ wa ń sáré lọ: “Ẹ fún mi ní kápúsù toilet infection.” Orúkọ yẹn gan-an ń ṣì wá lọ́nà. Kì í ṣe ṣáláńgá ló fà á, kòkòrò E. coli, tó ń gbé inú ìfun wa fúnra wa, ló sábà máa ń rìn wọ ojú ìtọ̀.

Ampicillin, tetracycline àti Septrin, àwọn oògùn apakòkòrò tí à ń rà ní ẹyọ-ẹyọ, púpọ̀ nínú kòkòrò yìí ni wọn ò ràn mọ́. Bí a bá ń lò wọ́n láìnídìí, kòkòrò tí oògùn lè pa yóò kú, olórí kunkun á ṣẹ́kù, á máa bí sí i.

Kí ẹ tó gbé oògùn mì, ẹ ṣe àyẹ̀wò ìtọ̀ tí wọ́n ń pè ní culture: wọ́n á mú kòkòrò inú ìtọ̀ náà dàgbà ní lábù, wọ́n á sì wo oògùn tó lè pa á. Ẹ fi omi ṣan abẹ́, ẹ jẹ́ kí ìtọ̀ àkọ́kọ́ dànù, kí ẹ fi ike tí lábù fún yín gba ti àárín. Ike yọ́gọ́ọ̀tì kọ́ o, bó ti wù kí ẹ fọ̀ ọ́ tó! Kó dé lábù láàárín wákàtí 2. Bí ọ̀nà bá jìn, ẹ gbé e sí fíríìjì.

Èsì máa ń tó ọjọ́ 2 sí 3. Lẹ́tà S ló máa ń wà níwájú oògùn tó ràn kòkòrò náà, R ló máa ń wà níwájú èyí tí kò ràn án. Bí R bá kún ojú ìwé, ẹ má jáyà, ẹ wo ìlà nitrofurantoin àti fosfomycin, oògùn apakòkòrò méjì tó wà fún àpò ìtọ̀. S ló ṣì máa ń wà níbẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Bí dókítà bá kọ nitrofurantoin fún obìnrin tí kò lóyún, ó sábà máa ń jẹ́ 100mg láàárọ̀ àti lálẹ́, pẹ̀lú oúnjẹ, fún ọjọ́ 5. Ìtọ̀ lè pọ́n bí omi àgbo; oògùn náà ni. Fosfomycin, ìyẹ̀fun 3g tí à ń pò mómi, ẹ̀ẹ̀kan ni.

Àpò ìtọ̀ nìkan ni méjèèjì wà fún. Ibà, ẹ̀gbẹ́ dídùn tàbí èébì lè fi hàn pé ó ti kan kíndìnrín: ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an! Aboyún, ọkùnrin, ọmọdé àti onítọ̀ọ ṣúgà, dókítà ni kí wọ́n kọ́kọ́ rí.

Ẹ má sọ ìwé èsì nù. Bí ìtọ̀ bá tún ta lẹ́yìn oṣù mélòó kan, òun ni dókítà á kọ́kọ́ béèrè.