Biopsy mi nítorí àrùn celiac, àti ohun tí lẹ́tà ilé ìwòsàn kò sọ

Lọ́jọ́ tí wọ́n fi biopsy mi sí, ìyẹn àyẹ̀wò tí wọ́n máa ń gé ẹran ìfun díẹ̀ fún, ilé ìwòsàn tí mo ń lọ ní Lọ́ńdọ̀nù dá mi padà sílé, bẹ́ẹ̀ mo ti gbàyè níbi iṣẹ́, n kò sì fi nǹkan kan kan ẹnu láti òru. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ti fi hàn pé ó ṣeé ṣe kí n ní àrùn celiac, èyí tí ó máa ń mú kí ara gbógun ti ìfun ara rẹ̀ nígbà tí gluten, ìyẹn èròjà purotéènì kan tí ó wà nínú àlìkámà, báálì tàbí ọkà rye, bá ti wọ inú.

Nọ́ọ̀sì ni ó bi mí pé kí ni mo ń jẹ. Mo dáhùn pé iyán, ẹ̀bà, àmàlà àti ẹ̀wà ni, nítorí pé búrẹ́dì máa ń mú kí inú mi wú. Ó ní kò sí gluten nínú gbogbo rẹ̀, pé ìfun mi lè ti máa jinná, àyẹ̀wò náà yóò sì wá sọ pé n kò ní àrùn tí mo ní. Lẹ́tà wọn sọ pé kí n má jẹun fún wákàtí mẹ́fà. Kò sọ pé kí n máa jẹ àlìkámà, bẹ́ẹ̀ ìlànà ìṣègùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni pé kí aláìsàn máa jẹ gluten nínú oúnjẹ tí ó ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lójúmọ́, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ó kéré tán. Ẹni tí ó ń jẹ búrẹ́dì láràárọ̀ lè má nílò ìkìlọ̀ yẹn, ṣùgbọ́n àwa tí ó jẹ́ pé iṣu àti gàrí ni oúnjẹ wa nílò rẹ̀ gidigidi.

Mo bá padà sídìí búrẹ́dì láàárọ̀ àti sẹ̀mó lálẹ́. Ojú mi rí màbo: inú ń run mí, ìgbẹ́ gbuuru kò dá, ó sì rẹ̀ mí tẹnutẹnu. Mo ń kọ gbogbo ohun tí mo jẹ sínú ìwé, nígbà tí mo sì padà débẹ̀, mo ṣí i síwájú wọn. Kò sẹ́ni tí ó tún lè dá mi padà.

Àyẹ̀wò náà fúnra rẹ̀ kò le. Wọ́n fín oògùn sí mi lọ́fun, mo sì gbé ọ̀pá oní kámẹ́rà náà mì láìgba abẹ́rẹ́ oorun. Gígé tí wọ́n gé ẹran ìfun kò dùn mí rárá. Èsì rẹ̀ ni pé àwọn ọmọ ìka wínníwínní tí ń fa oúnjẹ sára nínú ìfun kékeré ti pẹlẹbẹ, celiac ni lóòótọ́.

Ẹ má pa àlìkámà tì kí wọ́n tó gé ẹran ìfun yín fún àyẹ̀wò. Ẹ dárúkọ oúnjẹ yín gan-an fún dókítà, kí ẹ sì ṣàlàyé ohun tí a fi ṣe é. Mo ti kọ̀wé sí ilé ìwòsàn náà pé kí wọ́n fi gbólóhùn kan ṣoṣo kún lẹ́tà wọn, pé kí aláìsàn máa jẹ àlìkámà títí di ọjọ́ àyẹ̀wò. Wọn kò tíì fèsì.