Àpò gàrí ni mo fi dáhùn ìbéèrè nípa iṣẹ́

Àbúrò mi tó ń múra ìdánwò WAEC ló bi mí pé: "Bọ̀dá, ipá ní ibi tó dojú kọ, ìrìn náà ní ibi tó dojú kọ. Báwo lẹ fẹ́ sọ méjèèjì di púpọ̀, kí iṣẹ́ (ohun tí físíìsì ń pè ní work) wá jẹ́ scalar, ìyẹn iye lásán tí kò ní ibi tó dojú kọ?" Ìbéèrè yẹn dùn mọ́ mi gan-an. Ọ̀pọ̀ ló kàn ń há a sórí.

Mo so okùn mọ́ àpò gàrí tí a rà ní Ọjà Ọba, Àkúrẹ́, mo fi òṣùwọ̀n onísípíríǹgì kọ́ ọ, a sì fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí mítà 5 lórí sìmẹ́ńtì ẹ̀yìnkùlé. Mo ní kó fà á, kí okùn dá igun dígírì 60 pẹ̀lú ilẹ̀. Òṣùwọ̀n ń gbọ̀n, àmọ́ kò kúrò ní sàkáání newton 80 (newton la fi ń wọn ipá).

Àpò ò gbéra nílẹ̀, nítorí náà apá tó ń fà á sókè nínú ipá yẹn ò ṣe iṣẹ́ kankan. Èyí tó bá ìrìn lọ nìkan là ń kà: 80 lọ́nà cosine 60 (tó jẹ́ ìdajì), ìyẹn newton 40. Lọ́nà mítà 5, ó di joule 200 (joule la fi ń wọn iṣẹ́). Iye lásán ni.

Mo ní kó fà á padà. Joule 200 mìíràn. Ká ní iṣẹ́ ní ibi tó dojú kọ ni, àlọ àti àbọ̀ ì bá pa ara wọn rẹ́, òfo ni ì bá kù. Òógùn tó wà níwájú orí rẹ̀ ńkọ́?

Mo sọ ti James Prescott Joule fún un, onímọ̀ físíìsì ará England tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe joule. Ní 1845, ó jẹ́ kí ẹrù já wálẹ̀ kó máa yí abẹ̀bẹ̀ nínú omi, omi náà sì gbóná sí i. Ẹrù ń lọ ìsàlẹ̀, abẹ̀bẹ̀ ń yí po. Ìgbóná omi wá dojú kọ ibo? Agbára tó kọjá láti ibì kan sí ibòmíràn ni iṣẹ́.

Ó tún bi mí pé: "Àmì ìyọkúrò (−) tí wọ́n máa ń fi síwájú iṣẹ́ tí ilẹ̀ ń ṣe bó ṣe ń dènà àpò ńkọ́? Ṣé kì í ṣe ìhà ló ń sọ?"

Bí owó ṣe ń wọ àpò tó sì ń jáde ni àmì yẹn ṣe rí. Nígbà àlọ, ipá ilẹ̀ ń dá gàrí dúró. Nígbà àbọ̀, ó tún ń dá a dúró. Ká ní ìhà ni àmì yẹn ń sọ, ì bá yí padà nígbà tí a yí padà. Ó kọ −200 sí àlọ, ó kọ −200 sí àbọ̀, ó sì pa ọfà tó ti yà sí ẹ̀gbẹ́ wọn rẹ́.